IRÙNGBỌ̀N OBÌNRIN KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀, INÁ LÉSÀ KÌ Í ṢE DÓKÍTÀ

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí kì í sábà dé orí mímbárì, àfi bí wọ́n bá fẹ́ fi bú ènìyàn. Nínú oṣù Ramadan kan, ní mọ́sáláṣí kan ní agbègbè Ìpájà wa níhìn-ín, a ṣàkíyèsí ọmọbìnrin kan tí ó máa ń dúró kí gbogbo obìnrin ṣe àlùwàlá tán kí òun tó lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ìgbà tí ìrun bá ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré wọlé, ráká kan á sì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà obìnrin ní ọ̀lẹ ni. Ní ọjọ́ kan tí omi kò tó, wọ́n ní kí gbogbo wọn ṣe é pọ̀. Bí ó ti ṣí ìbòjú rẹ̀ láti bọ́jú ni ìyá kan figbe ta pé: "Háà! Irùngbọ̀n lèyí àbí kí ni? Ṣé ọkùnrin ni ìwọ yìí?" Ni ẹ̀rín bá bú sáyé. Ọmọ náà gbé bàtà rẹ̀, ó jáde, a kò sì rí i ní tàfúsíírì mọ́ títí ààwẹ̀ fi tán.

Nígbà tí àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ wa lọ bá a nílé ni ọ̀rọ̀ tó hàn síta. Ọdún mẹ́ta ni ó ti ń fi abẹ fá àgbọ̀n rẹ̀ ní ìdájí kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó jí. Ẹ̀há tí ó ń wọ̀, tí gbogbo wa ń torí rẹ̀ yìn ín, ó ní òun kò ní purọ́: ìdajì rẹ̀ ni ti Ọlọ́hun, ìdajì yòókù, irùngbọ̀n ni òun fi ń bò. Ó ti ń tọ́jú owó aṣọ rírán sínú kóló, ó fẹ́ gbé e lọ fún ṣọ́ọ̀bù kan tí ó ní òun ní iná lésà tí ń pa irun rẹ́ títí láé. Ìbéèrè méjì péré ni ó bi wọ́n. Èkíní: bí mo bá ṣe é, ṣé ègún Ọlọ́hun yóò wà lórí mi? Èkejì: ṣé iná náà kò ní jó mi?

Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó lè dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìtìjú ni ó jẹ́ fún wa, nítorí gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń rẹ́rìn-ín. Ìdáhùn tí a lọ wá ni a kọ síhìn-ín, kí ẹlòmíràn má baà bi wá kí a tún máa wo ilẹ̀.

ṢÉ ÈGÚN WÀ LÓRÍ RẸ̀?

Àwọn oníwáàsí kan wà tí ẹnu wọn yá ju ìwé wọn lọ. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé obìnrin yọ irun lójú, kíá, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹni ègún. Hádíìsì tí wọ́n ń gbé kiri, òótọ́ ni. Abdullahi ọmọ Mas'ud ni ó gbà á wá, Bukhari àti Muslim sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Àwọn tí ń fín ara, àwọn tí ń já irun ojú àti àwọn tí ń rẹ́ eyín nítorí oge, tí wọ́n fi ń yí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà, ni ó ń bá wí. A kò jiyàn sí i. Ẹni tí ó ń fá irun ìpéǹpéjú rẹ̀ dànù, tí ó tún ń fi pẹ́ńsùlù yà á padà, kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Ṣùgbọ́n ṣé ìpéǹpéjú ni àgbọ̀n? Irun ìpéǹpéjú, Ọlọ́hun dá a mọ́ gbogbo obìnrin. Irùngbọ̀n lára obìnrin, ohun tí ó ṣèèṣì hù ni. Àwọn onímọ̀ ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́tipẹ́. Imam Nawawi, tí ó kú ní ọdún 676 Hìjírà (1277), ṣàlàyé hádíìsì yìí gan-an nínú ìwé tí ó kọ lórí Sahih Muslim. Ó ní bí irùngbọ̀n tàbí irunmú bá hù fún obìnrin, yíyọ rẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀, ohun tí ó dára kí ó ṣe ni. Ó tún ṣòótọ́, ó sọ fún wa pé Tabari, tí ó kú ní ọdún 310 Hìjírà, kò gbà bẹ́ẹ̀, pé lójú tirẹ̀ obìnrin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀. A kò fi èyí pamọ́ fún yín. Ẹni tí ó bá ń tọ ọ̀nà Tabari, kí ó máa tọ̀ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n kí ó má sọ pé òun nìkan ni ọ̀nà tí ó wà.

Àwa Yorùbá ńkọ́? Ọ̀nà Imam Malik ni ọ̀pọ̀ nínú wa jogún. Ìwé Risala tí Ibn Abi Zayd ti Qayrawan kọ wà lára ìwé tí àwọn àáfà wa ń kọ́ ní ilé kéú. Nafrawi, onímọ̀ ilẹ̀ Íjíbítì tí ó ṣàlàyé Risala náà nínú ìwé Al-Fawakih al-Dawani, sọ ju ti Nawawi lọ. Ó ní dandan ni fún obìnrin láti mú irun tí mímú rẹ̀ kúrò jẹ́ ẹwà fún un kúrò, ì báà ṣe irùngbọ̀n. Àáfà tí ó bá ka Risala ní Ìlọrin tàbí ní Ìbàdàn, tí ó wá dé Ìpájà tí ó ń fi iná ọ̀run dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ nítorí irùngbọ̀n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í pé ojú ewé wo ni ó fò.

Obìnrin kan tilẹ̀ ti bi ìyá wa Aisha, aya Ànábì, ní irú ìbéèrè yìí rí. Ó bi í nípa obìnrin tí ń yọ irun iwájú orí nítorí ọkọ rẹ̀. Ìyá wa kò bú u, kò sì lé e. Ó ní kí ó mú ohun tí ń ni ín lára kúrò níwọ̀n bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Tabari tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn náà ni ó gba ìtàn yìí wá, Ibn Hajar sì mẹ́nu bà á nínú Fath al-Bari.

Ti irun abíyá àti irun abẹ́ kò tilẹ̀ gba àríyànjiyàn. Yíyọ wọn wà lára Sunna àdámọ́ fún ọkùnrin àti obìnrin, pẹ̀lú gígé èékánná, Anas ọmọ Malik sì gbà á wá pé kò yẹ kí a fi í sílẹ̀ kọjá 40 ọjọ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Suratu Naml, ẹsẹ 44, sọ ìtàn ayaba Saba nígbà tí ó wọ ààfin Ànábì Sulaiman. Ilẹ̀ dígí ni, ó rò pé omi ni, ó sì ká aṣọ rẹ̀ sókè títí ojúgun rẹ̀ fi hàn. Àlùkùránì kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn olùtumọ̀ kan fi kún un pé irun pọ̀ lẹ́sẹ̀ ayaba náà, pé Sulaiman ní kí wọ́n wá ohun tí yóò yọ ọ́ láìlo abẹ, ni àwọn àlùjọ̀nnú bá po oògùn kan tí à ń pè ní nura. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbẹ́kẹ̀ lé àfikún náà, wọ́n ní ara ìtàn àwọn Banu Isra'ila ni. Ì báà jẹ́ òótọ́, ì báà jẹ́ àlọ́, ẹ wo bí àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ ṣe sọ ọ́: wọn kò fi irun ara obìnrin ṣe èébú, wọ́n kà á sí ohun tí a ń wá ọgbọ́n sí. Bilikisu ni orúkọ tí wọ́n ń pe ayaba náà. Òun ni àwọn ará Òkè-Eri lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde ń sọ pé ó jẹ́ Bilikisu Sungbo tí ibojì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Àwa tí a ń sọ ọmọ wa ní Bilikisu, kò yẹ kí a máa fi irun bú Bilikisu.

Bí kò bá wá sí ègún lórí ẹni tí ó yọ irùngbọ̀n, ta ni ó jẹ̀bi nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ náà? Suratu Hujurat, ẹsẹ 11, kò fi ọ̀rọ̀ bò. Ọlọ́hun kọ̀ fún ọkùnrin láti fi ọkùnrin ṣe yẹ̀yẹ́, Ó sì tún dárúkọ àwọn obìnrin lọ́tọ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹni tí a ń fi ṣẹ̀sín dára ju ẹni tí ń ṣẹ̀sín lọ. Ṣùgbọ́n kí ni à ń gbọ́ ní àdúgbò wa? Àwọn kan ní obìnrin onírun, àjẹ́ ni. Àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le bí òkúta. Àwọn kan ní yóò lówó lọ́wọ́. Irọ́ mẹ́ta ni, èyí tí ó dùn nínú wọn pàápàá, irọ́ ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ̀ ń sọ pé ẹ kò lè fẹ́ obìnrin onírùngbọ̀n, irùngbọ̀n tí Ànábì ní kí ẹ dá sí ni ẹ̀ ń fá dànù ní ṣọ́ọ̀bù onífári ní Ìyànà-Ìpájà, èyí tí arábìnrin yín kò bẹ̀bẹ̀ fún ni ẹ wá ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Èwo ni Sunna níbẹ̀?

KÍ NI Ó MÚ IRUN NÁÀ WÁ?

Kí á tó dé orí iná lésà, ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú, tí ọmọ náà kò bi wá, tí ṣọ́ọ̀bù náà kò sì bi í: kí ni ó mú irun náà wá?

Họ́mónù kan wà tí ó pọ̀ lára ọkùnrin, tí ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ sì wà lára gbogbo obìnrin. Bí ó bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ lára obìnrin, tàbí tí gbòǹgbò irun rẹ̀ bá ń tètè gbọ́ sí i lẹ́nu, irun dúdú líle yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù sí àgbọ̀n, òkè ètè, àyà àti ikùn. Ohun tí ó sábà máa ń fà á ni àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní PCOS. Dókítà méjì ní Chicago, Stein àti Leventhal, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1935. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú obìnrin 10 tí ó tó bímọ, ó tó ẹyọ 1 tí ó ní i, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀. Àmì rẹ̀ ni nǹkan oṣù tí kì í wá déédéé, irorẹ́ tí kì í lọ, irun orí tí ń fọ́n, àti ara tí ń sanra nígbà mìíràn. Ó lè mú kí oyún pẹ́ kí ó tó dúró, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú wà fún un, àìmọye obìnrin tí ó ní i ni ó sì ti gbé ọmọ pọ̀n.

Ẹ wá wo ohun tí a ṣe. Ara ọmọ náà lè máa ké pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ọsibítù, àwa ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá kan ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ fún àgbo àti àsèjẹ nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan àti sìkáànù kan lè sọ ohun tí ń ṣe é.

Ìdí mìíràn wà lórí àtẹ nínú ọjà wa. Ọ̀pọ̀ ìpara abóra ni wọ́n po oògùn sítẹ́rọ́ìdì mọ́, irú èyí tí à ń pè ní clobetasol. Bí obìnrin bá ń fi í pa ojú fún ìgbà pípẹ́, awọ rẹ̀ yóò fẹ́lẹ́, irun sì lè hù sí ojú náà. A ń fi owó ra ìpara tí ń hu irun, a tún ń fi owó wá iná tí yóò jó irun. Bí oníwáàsí bá ń wá ibi tí a ti ń yí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà, kí ó ya ibi àtẹ ìpara abóra kí ó tó dé orí àgbọ̀n ọmọ aláìṣẹ̀.

Bí irun náà bá sì ṣàdédé pọ̀ láàrin oṣù díẹ̀, tí ohùn obìnrin ń ki bí ti ọkùnrin, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró dọ̀la. Kókó búburú lè wà nínú. Ọsibítù Ìjọba Alimọṣọ ní Ìgandò kò jìnnà sí wa, LASUTH wà ní Ìkẹjà, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà.

ṢÉ INÁ NÁÀ KÒ NÍ JÓ MI?

Theodore Maiman, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ mú iná lésà tàn ní ọdún 1960. Ní ọdún 1983, Anderson àti Parrish ṣàlàyé bí a ṣe lè yan ìmọ́lẹ̀ tí yóò gbóná mọ́ ibì kan ṣoṣo lára, tí kò ní jó ibi yòókù. Ọdún 1995 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí ẹ̀rọ lésà fún yíyọ irun. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí: àwọ̀ dúdú tí ó wà nínú irun ni ìmọ́lẹ̀ náà ń wá kiri. Bí ó bá ti bá a, yóò di ooru, ooru náà yóò sì jó gbòǹgbò irun. Ìdí nìyí tí kì í fi í ran irun funfun.

Ṣùgbọ́n dúdú ni awọ àwa náà. Ẹ̀rọ tí ó dára fún awọ funfun tí irun dúdú wà lórí rẹ̀, bí wọ́n bá gbé e sí àgbọ̀n ọmọ Ìpájà, kò mọ irun yàtọ̀ sí awọ, méjèèjì ni yóò fẹ́ jó. Ojú iná ni yóò kù, pẹ̀lú àmì dúdú tàbí funfun tí ó lè pẹ́ ju irun náà lọ. Ẹ̀rọ tí ó sàn jù fún awọ dúdú ni èyí tí à ń pè ní Nd:YAG, tí gígùn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1064 nanometer, tí ó ń wọlé jinlẹ̀, tí àwọ̀ dúdú ara kì í sì í gbé mì púpọ̀. Òun pàápàá ń fẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀rọ IPL tí wọ́n ń tà kiri fún ìlò nínú ilé kì í tilẹ̀ ṣe lésà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe é ni ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú gan-an má lò ó.

Ti "títí láé" ńkọ́? Àdínkù irun ni ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa pè é, wọn kò gbà pé gbogbo rẹ̀ ni yóò lọ tán. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣe é. Ó máa ń tó ìgbà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 láàrin ìkan sí èkejì, wọ́n sì ń gba owó lọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí họ́mónù bá ṣì ń ti irun jáde láti inú, òmíràn yóò hù. Àwọn dókítà tilẹ̀ ti rí i pé irun máa ń pọ̀ sí i lójú àwọn obìnrin kan lẹ́yìn lésà, pàápàá àwọn tí họ́mónù wọn kò dọ́gba. Ẹni tí ó ń jó irun láìtọ́jú họ́mónù, omi ni ó ń gbọ́n nínú ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ lu.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ohun tí a sọ ni pé kí dókítà ṣáájú lésà. Ẹni tí ó bá ti rí dókítà, tí owó rẹ̀ sì ká a, kí ó béèrè nǹkan mẹ́rin kí ó tó jókòó sórí àga wọn. (1) Ẹ̀rọ wo ni èyí, ṣé ó wà fún awọ dúdú? (2) Ta ni yóò lò ó, níbo ni ó ti kọ́ ọ, ṣé dókítà wà níbí? (3) Ṣé HEFAMAA, àjọ tí ń bójú tó ilé ìtọ́jú ní Ìpínlẹ̀ Èkó, mọ ilé yìí? (4) Ṣé ẹ ó kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré kan, kí n lọ, kí n padà wá kí ẹ tó ṣe ìyókù? Bí ìbéèrè mẹ́rin bá ti bí wọn nínú, kí ó gbé kóló rẹ̀ padà sílé.

Irun abẹ́ kò sí nínú èyí. Láti ìdodo dé orúnkún, obìnrin kò gbọdọ̀ ṣí i sílẹ̀ fún obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí oge, àìsàn nìkan ni ó yàtọ̀. Kí oníkálukú fi abẹ tirẹ̀ ṣe é ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní: abẹ dára, ṣùgbọ́n lésà ń pa gbòǹgbò, ìyẹn ni ìyípadà ìṣẹ̀dá. A bi wọ́n padà: bí mímú irùngbọ̀n kúrò bá tọ́ lónìí, tí ó tọ́ lọ́la, tí ó tún tọ́ lọ́túnla, kí ni yóò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ bí kò bá hù mọ́? Irinṣẹ́ ni lésà bí abẹ ti jẹ́ irinṣẹ́. Ohun tí ó lè yí ìdájọ́ rẹ̀ padà ni ìpalára, nítorí Suratu Baqarah, ẹsẹ 195, kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa ju ara wa sínú ìparun. Nítorí náà, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ lè wà ni ọwọ́ ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ tí kò mọ̀ lò sí ojú ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹni tí kò bá sì ní owó lésà, kò pàdánù nǹkan kan lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Abẹ wà, okùn tí a fi ń fa irun wà. Irọ́ sì ni pé bí a bá fá irun ni ó ń nípọn sí i. Gígé ni a gé orí rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ kò mọ̀.

OHUN TÍ A FẸ́

Ẹ̀yin lèmọ́mù wa, ẹ sọ ìdájọ́ náà tán, ẹ má sọ ìdajì. Ẹ̀yin ìyá, bí nǹkan oṣù ọmọ yín kò bá wá déédéé, tí irun sì ń hù lójú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, bí ọ̀rọ̀ yìgì bá dé, ẹ sọ òótọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ yín, nítorí ìgbéyàwó tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú abẹ ìdájí, ẹ̀rù ni yóò máa bá a gbélé. Ẹ̀yin ọkọ, bí ó bá sọ ọ́ fún yín, àṣírí ni.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí, láti Ayọ̀bọ̀ dé Ìyànà-Ìpájà, ẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ wa fún táìsì àti gbohùngbohùn. Ẹ kọ́ ibi àlùwàlá tí ó ní ìbòjú fún àwọn obìnrin, kí ẹni tí ó fẹ́ bọ́jú fún Ọlọ́hun má baà bọ́jú fún ayé.

Ọmọ tí a ń sọ ti lọ rí dókítà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀, owó rẹ̀ ṣì wà nínú kóló. A ti sọ fún un pé kò sí ègún lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì padà sí tàfúsíírì. Ó ní òun mọ̀ pé Ọlọ́hun kò ní bú òun, àwa ni òun kò tíì mọ̀ nípa wa. Ramadan mìíràn ń bọ̀. Kí Ọlọ́hun fi ìtìjú tí ó tọ́ sí ojú wa, kí Ó mú èyí tí kò tọ́ kúrò lójú àwọn ọmọ wa, kí Ó wo gbogbo aláìsàn sàn. Àmín.